Ẹ́ńjìnnì Tí Ọkọ Mi Tú Sílẹ̀

Ní ọdún tí ọkọ mi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ra ẹ́ńjìnnì kan tí kò lè yí. Ẹlẹ́gbẹ́ka ló ti rí i, níbi tó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń dáko níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ibì kan wà lẹ́yìn abúlé náà tí àwọn obìnrin máa ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ fún lílọ̀. Òrùlé ibẹ̀ ti wó, igbó ti bò ó, ẹ́ńjìnnì náà sì wà láàárín igbó náà níbi tí wọ́n fi í sí. Gbòǹgbò igi kan ti gba àárín kẹ̀kẹ́ irin ńlá rẹ̀ kọjá. Àdá ni wọ́n fi gé gbòǹgbò náà kí wọ́n tó lè fà á jáde.

Ọkùnrin mẹ́rin ló yí i bọ́ láti inú pikọ́ọ̀pù sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Ọ̀wọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bó ṣe tẹ ewúro mi rẹ́.

Mo ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ni."

"Ṣé ẹ ò mọ ohun tó jẹ́ tí ẹ fi rà á ni?"

"Ẹ́ńjìnnì ni. Àmọ́ irú èwo? Ta ló ṣe é? Àwo tí wọ́n kọ orúkọ sí ti bọ́ lára rẹ̀, ọ̀dà sì ti bo ìyókù."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló bá ìjọba ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ́ àti àdá. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ síbi tí katakata bá ti dákú tàbí tí ẹ̀rọ omi bá ti kọṣẹ́. Ìdaṣẹn ni bàbá rẹ̀ ti dáko. Ó máa ń sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bí ìyá òun bá ti gbé ẹ̀gẹ́ ru òun, ìró ẹ́ńjìnnì ni òun máa ń tẹ̀ lé títí òun á fi dé ibi ìlọ̀, òun kì í wojú ọ̀nà. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà tí mi ò lè kà. Kò mú kí n fẹ́ràn irin tó ti dípẹtà lẹ́yìn ilé ìdáná mi.

Èmi fúnra mi, tíṣà ni mí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi di ọ̀gá ilé-ìwé. Ìlú kan ní Àkókó ni wọ́n ti bí mi; iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ọ̀wọ̀, ọkọ ló dá mi dúró síbẹ̀. Mo ti rò pé bí àwa méjèèjì bá fẹ̀yìntì, a ó máa jókòó. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Ó fi páànù ṣe ìbòrí kékeré fún ẹ́ńjìnnì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Ó tó oṣù mẹ́ta tó fi ń tú u, nítorí ìpẹtà ti lẹ gbogbo bóòtù rẹ̀ mọ́ra, ó sì ní láti máa da epo òyìnbó sí i kó tó jọ̀wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ó kó wọn sínú agolo mílíìkì àti agolo ọ̀dà, ó kó àwọn mìíràn sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Kò kọ nǹkan kan sára èyíkéyìí nínú wọn. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa rántí. Ó fi ìka kan iwájú orí rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ wà níbí."

Ní àárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn àdúrà, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń mu ògì. Ó wo ṣíbí náà nílẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbà ni. A lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n sì dá wa padà sílé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ni "ọ̀la." Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun ló ṣẹ́kù. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè orúkọ rẹ̀, á ní ọ̀la. Bí ebi bá ń pa á, ọ̀la. Bí mo bá gbé e tí ọwọ́ mi fún un lábíyá, ọ̀la. Bó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni, á rọra pa ojú dé, á sì là á. Bó bá fẹ́ sọ rárá, á yí ojú kúrò lára èèyàn. Ohun tó kù fún wa láti fi máa bára wa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo ti bí ọmọ mẹ́rin, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí irun mi fi funfun. Mi ò mọ̀ pé irú àárẹ̀ yìí ṣì kù. Kí n gbé e dìde, kí n gbé e jókòó, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí n fọ èyí tí mo yọ, kí n fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ kó má baà gbà á lọ́fun, kí n nà án lọ́wọ́ nà án lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, lẹ́yìn náà kí ó tún tó àkókò àtigbé e dìde. Àwọn ará ìjọ wa wá lóṣù àkọ́kọ́. Lóṣù kejì, wọ́n ń ránṣẹ́. Àwọn ọmọ wa jìnnà, wọ́n máa ń pè lórí fóònù, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ máa sinmi o." Èmi náà á ní mo ti gbọ́.

Báyìí ni mo wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá níwájú ilé, tó ń kígbe pé òun ń ra irin àlòkù. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè é wọlé. Mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan fún un láti abẹ́ páànù, pẹ̀lú páànù ìdáná tó ti lu àti irin bẹ́ẹ̀dì kan. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹnìkejì òun fún àwọn ńláńlá. Mo ní kó máa bọ̀. Ohun tí mo ń rò ni pé àyè á wà níbẹ̀ tí mo lè máa sá aṣọ ibùsùn sí.

Wọ́n padà wá lóòótọ́, àwọn méjì. Mo ti gbé ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Wọ́n so okùn mọ́ kẹ̀kẹ́ irin ńlá náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Mo gbọ́ nǹkan tó ń lu ògiri. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń gbá ògiri, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń gbá a láìdúró, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wọ inú kọ́là ẹ̀wù. Mi ò rí ẹkún lójú ọkùnrin yìí nígbà tí a sin ìyá rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú okùn náà. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní, "Màmá, ẹ ti ní ká wá kó o." Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi etí aṣọ mi nù ún lójú. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dádì, ṣé ẹ fẹ́ ká tún un tò ni?"

Ó pa ojú dé, ó sì là á.

Mẹkáníìkì kan wà nítòsí ọjà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìlọ̀ ló ti ń tún ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó dàgbà ju ọkọ mi lọ, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ò sí fún irú òun mọ́, pé àwọn ẹ́ńjìnnì pẹ́pẹ̀pẹ́ tó ń bọ̀ láti Ṣáínà ni gbogbo ènìyàn ń rà báyìí, wọ́n á lò ó bàjẹ́, wọ́n á ra òmíràn. Ìbátan ọkọ mi ni lọ́nà jíjìn, nítorí náà ìyàwó ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Màmá Tíṣà. Ó kọ́kọ́ jókòó ti ọkọ mi, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ títí bí ẹni pé onítọ̀hún ń dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wo ẹ́ńjìnnì. Ó dárúkọ kan fún un. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pe gbogbo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ níbí, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe gbogbo wọn. Ọkọ mi yí ojú kúrò.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Ó ní irọ́ ni mo ń pa."

A bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní síwájú àga ọkọ mi, mo sì ń kó àwọn nǹkan inú agolo jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí mo ń fi ìdérí ìgò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ìṣirò. Màá gbé ọ̀kan sókè, màá gbé e sí ìhà orí ẹ́ńjìnnì: ṣé ibí ni? Á yí ojú kúrò. Màá gbé e sí ìhà ìdí rẹ̀: ṣé ibí? Á pa ojú dé, á sì là á. Mẹkáníìkì á mú un, á fi epo òyìnbó fọ̀ ọ́, á sì wò ó bóyá ó ṣì dára. Nígbà mìíràn ó máa ń rẹ ọkọ mi, oorun á gbé e lọ pẹ̀lú bóòtù lọ́wọ́. Nígbà mìíràn èmi ni oorun máa ń gbé lọ. Mẹkáníìkì á jókòó síbẹ̀ títí ọ̀kan nínú wa á fi jí.

Lọ́sẹ̀ kẹta, gbogbo agolo ti ṣófo. Mẹkáníìkì dìde, ó yí ẹ́ńjìnnì náà po, ó tún yí i po.

"Ìyàwó, pọ́ǹpù dísù rẹ̀ dà?"

"Èwo ni pọ́ǹpù dísù?"

Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi: irin kan tó tó ìkúùkù, tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ń ti dísù, epo tí ẹ́ńjìnnì náà ń mu, lọ sókè. Ó ní ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ ṣì mọ́, kò tíì dípẹtà bí ìyókù. Mo ti mọ ibi tó wà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo rántí bí àpò sìmẹ́ǹtì náà ṣe wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Bóyá wọ́n ti yọ ọ́ kí wọ́n tó tà á fún Dádì."

Ọkọ mi wò mí. Lẹ́yìn náà ó yí ojú kúrò.

Mẹkáníìkì kò rí i, tàbí ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ní ó yẹ kí òun lè rí irú rẹ̀ rà lọ́jà. Ó rà á lóòótọ́, àmọ́ kò wọ̀. Ó lọ pààrọ̀ rẹ̀, èkejì náà kò wọ̀. Ihò bóòtù kò ṣe déédéé. Ó ní kò sí ohun tí a lè ṣe àfi ká mọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà gan-an àti irú èyí tó jẹ́, ká tó mọ ohun tí à ń wá.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi ọkọ mi sílẹ̀ fún wákàtí kan, mo lọ sí ibi tí àwọn oníirin àlòkù máa ń kó ẹrù jọ sí. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, ó sì dá mi mọ̀. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún." Ó jẹ́ kí n wo inú òkìtì tó kù bí mo ṣe fẹ́. Mo wò ó títí ọwọ́ mi fi dúdú.

Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Níbi tí mo ti ń fún un ní ògì ní ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ fún un.

"Dádì, èmi ni mo gbé pọ́ǹpù yẹn fún oníirin àlòkù. Mi ò mọ̀ pé òun ló wà nínú àpò. Àmọ́ ká ní mo tiẹ̀ mọ̀, bóyá ǹ bá ṣì gbé e fún un. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ọ̀la," ló wí.

Ó ya ẹnu, mo fi ṣíbí sí i. Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ebi.

Láti ọjọ́ náà la bẹ̀rẹ̀ sí fá ọ̀dà ara ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà méjì-mẹ́ta ló wà lórí ara wọn, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà pupa kan tó ti ṣú. Mo ti àga ọkọ mi súnmọ́ ọn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin sí i lọ́wọ́ òsì, ó sì ń fá a díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ nídìí ìdárayá ọwọ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwòsàn. Òun ló kọ́kọ́ rí nọ́ńbà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nísàlẹ̀ ibi tí àwo orúkọ ti bọ́, wọ́n fi òǹtẹ̀ irin lù ú mọ́ ara irin. Ó fi ìka rẹ̀ tọ àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ wọ́n sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mẹkáníìkì ní ó dára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà láìsí orúkọ, ó dà bí ìgbà tí èèyàn mọ ojúlé láìmọ àdúgbò.

Ó kù ká lọ sí Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa wá jókòó ti ọkọ mi. Awakọ̀ tó gbé èmi àti mẹkáníìkì kìlọ̀ kó tó ṣíná ọkọ̀: "Màmá, bí a bá débẹ̀, ẹ ṣe kíá. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá wa lójú ọ̀nà yẹn." Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí; gbogbo wa ló mọ̀ nípa àwọn ajínigbé. Lọ́nà, a ń wo igbó lápá ọ̀tún àti òsì.

Ọkùnrin tó ta ẹ́ńjìnnì náà fún ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀, ó ń yí gààrí lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ó bá wa kẹ́dùn nítorí àìsàn náà. Ó ní òun ò mọ orúkọ tó wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló ń ṣọ́ ọ, onítọ̀hún sì ti kú. Àmọ́ ó rántí pé méjì ni.

Mẹkáníìkì fi ọwọ́ sẹ́yìn etí rẹ̀ tó ń gbọ́ràn. "Méjì kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì méjì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ló rà wọ́n, ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn wá. Wọ́n já ọ̀kan síbí, wọ́n gbé èkejì lọ sí Ìjàgbà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ilé ìyá tí ọkọ rẹ̀ máa ń lọ ẹ̀gẹ́."

Mo fẹ́ ká lọ lọ́jọ́ yẹn. Awakọ̀ kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ọ̀rẹ́ mi tó tún ráyè jókòó ti ọkọ mi, kí a tó dé Ìjàgbà.

Ìyá náà ti darúgbó gan-an. Ó wà lójúde, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná rẹ̀, lábẹ́ òrùlé tó ṣì dúró, adìyẹ kan sì wà lórí ẹyin lábẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èéfín ilé ìdáná ti kun gbogbo rẹ̀ dúdú. Mẹkáníìkì kúnlẹ̀, ó tutọ́ sí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwo orúkọ náà wà níbẹ̀. Idẹ ni. Ó pè mí kí n wá kà á, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé e.

Orúkọ tí mo kà níbẹ̀, èmi ò gbọ́ ọ rí, òun náà ní òun ò gbọ́ ọ rí. Kì í ṣe orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n kọ orúkọ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ agbára rẹ̀ àti iye ìgbà tó yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Nọ́ńbà tìyá yìí ló ṣáájú, tiwa ló tẹ̀ lé e gan-an, kò sí òmíràn láàárín wọn.

Mo dìde. Ìyá náà ti ń wò mí láti ìgbà tí a ti dé.

Ó ní, "Kí lẹ ń wá lára rẹ̀?"

Mo lè sọ ọ́ fún un lọ́nà tó dára fún mi. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ nípa ẹ̀gbà fún un, mo sọ nípa àpò sìmẹ́ǹtì, mo sọ pé pọ́ǹpù ni à ń wá, pé bí kò bá fẹ́ ká fọwọ́ kàn án, a ó máa lọ.

Ó ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. "Ọkọ mi ló ń yí i," ló wí. "Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó yí i. Adìyẹ ló ń lò ó. Ẹ tú ohun tí ẹ fẹ́ tú." Ó tún wò mí. "Ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ tí o fi rù báyìí? Ta ló ń tọ́jú ìwọ?"

Mo ní àwọn ọmọ mi máa ń pè mí lórí fóònù.

Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé ẹní jáde. Ó tẹ́ ẹ síbi tí ìbòòji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Dùbúlẹ̀ síbí. Bàbá yẹn ò ní tètè tú u tán." Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ní ara mi le. Ó ní òun ò bi mí ní ìyẹn. Mo dùbúlẹ̀. Mo gbọ́ ìró sípánà lára irin, mo gbọ́ adìyẹ tó ń bínú, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì jí mi, òòrùn ti yí, ìbòòji ti kúrò lára mi, ẹnì kan sì ti fi ìró bo ojú mi nítorí eṣinṣin. Láti ọjọ́ tí ṣíbí ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí. Awakọ̀ ti ń fun fèrè níta.

Pọ́ǹpù náà ti gan. Mẹkáníìkì rì í sínú epo fún ọjọ́ mélòó kan kó tó tún lè máa ṣiṣẹ́. Ó wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, bóòtù rẹ̀ sì bọ́ sójú ihò láìsí wàhálà. Iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn gbà wá lákòókò. Ọwọ́ mẹkáníìkì ń gbọ̀n, èmi ni mo máa ń fi àwọn bóòtù kéékèèké sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì kí nǹkan má baà jò, a gé e fúnra wa. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọkọ mi kò fẹ́ jáde rárá, tí kò fẹ́ wo nǹkan kan, tó kàn kọjú sí ògiri. Mẹkáníìkì á jókòó díẹ̀, á mu omi, á sì padà sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a da dísù sínú rẹ̀. Mẹkáníìkì tú páìpù kékeré láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ó sì dì í padà. Ó fi irin ìyí bọ ìdí kẹ̀kẹ́ náà, ó gbìyànjú láti yí i, kò lè yí i tó bó ṣe yẹ. Mo bọ́ gèlè mi sílẹ̀, mo dì í mú pẹ̀lú rẹ̀. Arúgbó méjì. A yí i, a yí i, mẹkáníìkì sì da irin kékeré orí ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ kó lè ṣíná. Kò ṣe nǹkan kan. A sinmi. A tún yí i, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo ti fẹ́ sọ pé ó tó lónìí. Mẹkáníìkì ní, "Ìyàwó, ẹ̀ẹ̀kan sí i." A yí i. Èéfín funfun jáde, lẹ́yìn náà ó gbà. Ó gbà, kò sì dúró mọ́. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn agolo òfìfo ń jó lórí ẹní.

Mo wo ọkọ mi. Mo ti rò pé á sunkún, tàbí pé ọ̀rọ̀ mìíràn á jáde lẹ́nu rẹ̀. N kò ní purọ́, mo ti ń retí rẹ̀ láti oṣù púpọ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fetí sílẹ̀, ó fa ojú ro. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mẹkáníìkì pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ́ńjìnnì. "Ó yá jù?"

Ó pa ojú dé, ó sì là á. Mẹkáníìkì yí nǹkan kan, ìró náà sì lọ sílẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì tún yí i. Ìró náà wá dọ́gba, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà dúró. Ó gbé e padà sórí itan rẹ̀. Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo ọ̀gá. Etí mi ò sọ ìyẹn fún mi."

Ó yí títí dísù inú rẹ̀ fi tán. Aládùúgbò wa ránṣẹ́ pé èéfín ti kó sára aṣọ tí òun sá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tó àkókò ìwẹ̀, mo sì wẹ ọkọ mi. Òórùn dísù wà nínú irun rẹ̀, mo ní láti fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ́ńjìnnì náà kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Ọmọ àbúrò ọkọ mi kan ní Ìdaṣẹn ló béèrè rẹ̀, ó ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ń rìn jìnnà láti lọ ẹ̀gẹ́. Mo rò pé ọkọ mi á yí ojú kúrò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá mi lójú, ó sì pa ojú dé, ó là á lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n wá gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, pé ó ń já bẹ́líìtì, pé ó ń mu ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ. Orúnkún ń dun mẹkáníìkì báyìí, kò lè máa wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá wá, àwọn méjèèjì á kàn jókòó.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé iṣẹ́ yẹn ló gba ọkọ mi là. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé e, mo sì mọ bó ṣe wúwo: kò fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ le sí i díẹ̀. Ó lè di bọ́tìnnì rẹ̀ méjì tó wà lókè fúnra rẹ̀. Èmi náà, mo ti gbà fún ọ̀rẹ́ mi pé kó máa wá ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí n lè sùn lọ́sàn-án. Ó pẹ́ kí n tó gbà.

Ọkọ mi ti sùn báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ. Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Ìpele, aṣọ ibùsùn mẹ́ta sì wà lórí okùn tí mi ò tíì ká.